"A JẸ́ PÉ" KÌ Í ṢE ẸLẸ́RÌÍ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, adájọ́ kan ń bẹ láàrin wa tí ẹnikẹ́ni kò fi joyè, tí kò sì jókòó ní kóòtù kankan, síbẹ̀ tí ń dá ẹjọ́ ní ilé gbogbo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni "a jẹ́ pé." Ọmọdé kan dákẹ́ nígbà tí a bi í ní ìbéèrè: a jẹ́ pé ó jẹ̀bi. Aládùúgbò kan kò kí wa ní àárọ̀: a jẹ́ pé ó ń bínú sí wa. Ọkùnrin kan kọ́ ilé tuntun: a jẹ́ pé owó tí ó fi kọ́ ọ kò mọ́. Ìyàwó kan kò tètè bímọ: a jẹ́ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. A kò pe ẹlẹ́rìí, a kò gbọ́ ẹnu ẹni tí ọ̀ràn kàn, ẹjọ́ sì ti parí.

Àṣà yìí ni a dìde sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ni a kórìíra. Ọ̀rọ̀ rere ni, a ó sì fi ìwúlò rẹ̀ hàn. Ohun tí a ń bá jà ni ìlò rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò ní sùúrù. Ẹgbẹ́ kejì sì wà tí a ó bá wí pẹ̀lú: àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń sọ pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ro ọ̀ràn já, pé òwe àti orin ni ó mọ̀, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ronú títọ́, kí ó lọ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú. Ẹgbẹ́ kìíní ní àdá mímú, wọ́n fi ń gé ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì jókòó lé àdá náà, wọ́n ní kò sí àdá nílé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ kejì lóhùn. Òjò ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí òjò bá rọ̀ lójú wa, a ó wí pé, "Òjò rọ̀; nítorí náà ilẹ̀ tutù." Ṣùgbọ́n bí a bá jí ní òwúrọ̀ tí a sì bá ilẹ̀ ní tútù, a kì yóò wí pé, "Ilẹ̀ tutù. Nítorí náà òjò rọ̀." Etí ọmọ Yorùbá kọ̀ ọ́, nítorí kì í ṣe tútù ilẹ̀ ni ó mú kí òjò rọ̀. Ohun tí a ó wí ni pé, "Ilẹ̀ tutù, a jẹ́ pé òjò rọ̀." Ẹ kíyèsí i dáadáa. "Nítorí náà," bí a bá lò ó ní ipò rẹ̀, ń bá odò ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀: láti ọ̀dọ̀ ohun tí ó fa nǹkan, ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ohun tí ó tẹ̀lé e. "A jẹ́ pé" ń tọ odò padà sí orísun: láti ọ̀dọ̀ àmì, ó mú wa padà sí ọ̀dọ̀ ohun tí ó fi àmì náà sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni, a sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. Èdè tí kò mọ ìrònú kì í ya irú nǹkan báyìí sọ́tọ̀.

Ìwọ̀nyí nìkan kọ́. "Wọ́n ní" wà fún ohun tí a gbọ́ tí a kò rí. "Ó jọ pé" wà fún ohun tí ọkàn wa kò tíì fi gbogbo ara gbà. "Àṣé" wà fún ohun tí ó pamọ́ fún wa tẹ́lẹ̀ tí ó wá hàn. "Ṣebí" wà fún ohun tí a rò pé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ti gbà ṣáájú. Bákan náà ni iṣẹ́ ọkàn fúnra rẹ̀ ní orúkọ ní oríṣiríṣi. Ẹni tí kò ní ju àmì kan lọ́wọ́ ń fura. Ẹni tí ó fi ohun tí ó hàn wá ohun tí ó pamọ́ ń mòye. Ẹni tí ó yẹ ọ̀nà gbogbo wò títí ó fi dé òpin, òun ni ó ro ọ̀rọ̀ já. Àwọn àgbà wí pé ìfura ni oògùn àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ìdájọ́.

Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní èdè wa ní 1884, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀, àwọn atúmọ̀ kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti fi so èrò Pọ́ọ̀lù pọ̀ mọ́ra, Pọ́ọ̀lù ẹni tí ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to bíríkì. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì tí a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò bá "ǹjẹ́" ní ìbẹ̀rẹ̀ orí karùn-ún Ìwé Róòmù, yóò sì bá "nítorí náà" ní ìbẹ̀rẹ̀ orí kejìlá. Lónìí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé "ǹjẹ́" kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí a fi bi ènìyàn ní ìbéèrè lọ. Èdè kọ́ ni ó tálákà níhìn-ín. Àwa ajogún ni a kò ka ẹrù inú àpótí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: "mọ̀." Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn Yorùbá nípa "mọ̀" àti "gbàgbọ́." Àwọn àgbà wọ̀nyí fi yé wọn pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ènìyàn lè wí pé òun mọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, a gbà á, a sì gbọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò fúnra wa. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara wa, púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé jẹ́ ohun tí a gbàgbọ́, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ìtìjú wà nínú kí a máa pe ọ̀kan ní èkejì.

Ǹjẹ́, bí èdè bá ní gbogbo èyí, níbo ni àìsàn wà? Ó wà nínú ìlò. Ẹ wo òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Adùn òwe náà pọ̀, a sì ti fi í pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹrù. Ohùn kan dún ní òru. Ọmọ kan kú ní ọjọ́ kejì. Ohun méjì yìí ni a mọ̀. Ìyókù jẹ́ ìfura; òwe náà sì fi aṣọ "mọ̀" bo ìfura náà lára, ó tún fi ìbéèrè dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ì bá fẹ́ jiyàn. "Ta ni kò mọ̀?" Àwa ni kò mọ̀! Ta ni ó ka iye òru tí ohùn ti dún tí ọmọ kankan kò kú? Ta ni ó ka iye ọmọ tí ó ti kú ní ọjọ́ tí òru àná rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́? Ẹni tí kò bá ka ìyẹn, ohun tí ó bá ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ mu nìkan ni ó ń kà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni a ń ṣe, kí ó rántí ọdún 1950 àti 1951. Ní àkókò náà ni àwọn tí a ń pè ní Àtíńgà ti ilẹ̀ Dahomey, tí ó di Benin ní 1975, wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa nísinsìnyí. Wọ́n ń wá àjẹ́ láti ìlú dé ìlú. Àwọn obìnrin, pàápàá àwọn ìyá àgbà, ni wọ́n ń nàka sí. Obìnrin tí ó bá sẹ́, adìẹ ni a fi ń dán an wò: a ó dúńbú adìẹ náà, ipò tí ó bá sì kú sí ni ìdájọ́. Bí ó bá kú báyìí, a jẹ́ pé ọwọ́ ìyá náà mọ́. Bí ó bá kú báyẹn, a jẹ́ pé àjẹ́ ni. Ní 1951 ìjọba fi òfin dè wọ́n. Kí ni ó so ìjàpá adìẹ tí ń kú lọ mọ́ ọkàn ìyá arúgbó? Kò sí nǹkan kan bí kò ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta wọ̀nyí: a, jẹ́, pé. Àwọn kan a máa wí pé, "Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́wọ́." Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ìyá arúgbó kan yóò wí nígbà tí gbogbo ìlú bá yí i ká, tí àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó gbà kí wàhálà lè tán. Ìjẹ́wọ́ tí ìbẹ̀rù fà jáde ń jẹ́rìí sí ìbẹ̀rù. Kò jẹ́rìí sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wo ọ̀ràn mìíràn tí ó sún mọ́ èyí: ọ̀ràn àbíkú. Ọmọ kan kú, èkejì kú, a wí pé ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, a sì ń wo ìyá rẹ̀ ní ìwòkuwò. Ní 1910, James Herrick, dókítà kan ní Chicago, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, James Neel fi hàn bí àrùn náà ti ń ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá. Àwa kò wí pé gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú ni àrùn yìí pa; ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn. Bí a bá wí bẹ́ẹ̀, ara "a jẹ́ pé" kan náà ni a ń lò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni bí ọ̀rọ̀ ti í dúró ṣinṣin nígbà tí a bá ti mọ ohun tí a ń sọ. Bí baba bá jẹ́ AA tí ìyá sì jẹ́ AS, kò lè ṣe kí wọ́n bí ọmọ SS. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ó lè ṣe: fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìṣeéṣe rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ SS, dandan ni kí àwọn ọmọ wọn jẹ́ SS. "Kò lè ṣe," "ó lè ṣe," "dandan ni": èdè wa ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà láìṣubú.

Síbẹ̀ ẹ gbọ́ ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tọkọtaya tí wọ́n ti lọ sí ilé-ìwé: "Ọmọ wa àkọ́kọ́ ti jẹ́ SS, ọ̀kan nínú mẹ́rin sì ni wọ́n wí, a jẹ́ pé àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́." Wọn kò bọ́! Ọmọ kejì kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èkíní. Ìṣeéṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìmọ̀ tòótọ́ ni wọ́n gbà wọlé, "a jẹ́ pé" ni ó bà á jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀kọ́ èdè kò kan ẹ̀mí ènìyàn, kí ó ro èyí wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún ń ṣe ibi sí, láìfa ẹ̀jẹ̀, ni àárín ọ̀rẹ́ àti ará. A mọ̀ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ààbọ̀ kan ti ẹnu ẹni tí ó sọ ọ́ jáde, ààbọ̀ kejì sì jẹ́ ohun tí ẹni tí ó gbọ́ fi kún un. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a sọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a mòye. Alága ẹgbẹ́ kan wí pé, "Ìṣirò owó ọdún yìí yà wá lẹ́nu." Akápò dé ilé, ó wí fún aya rẹ̀ pé, "Alága pè mí ní olè lójú gbogbo ènìyàn." Bóyá alága rò bẹ́ẹ̀, bóyá kò rò ó, ohun tí ó dájú ni pé kò sọ ọ́. Bí akápò bá wí pé, "Báyìí ni ó sọ, ohun tí mo sì fà yọ nínú rẹ̀ ni èyí," aya rẹ̀ ì bá lè bá a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n ó fi ààbọ̀ tirẹ̀ sí ẹnu alága, ẹgbẹ́ sì pín sí méjì. Ẹ má ṣe fi "ó ní" sí iwájú ohun tí ẹnìkan kò ní.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò wí pé, "Ṣé ẹ̀yin gbọ́n ju àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe náà lọ ni?" A dáhùn pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Ẹṣin ni wọ́n pè é. Ẹṣin a máa gbé ènìyàn dé ibi tí ọ̀ràn gbé ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́rìí níbẹ̀. Àwọn baba kan náà ni wọ́n sì wí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ni wọ́n wí pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òwe yìí sọ fún wa pé ìdí wà, kò sọ fún wa pé a ti mọ ìdí náà kí a tó wá a.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Bí gbogbo ènìyàn bá ń dúró ka ọ̀nà mẹ́fà kí ó tó sọ ọ̀kan, iṣẹ́ yóò dúró. Àgbẹ̀ tí koríko mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró bèèrè ẹ̀rí kí ó tó fò sẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ yìí dára, a sì gbà á. Láti fò sẹ́yìn, ìfura tó. Bí kò bá jẹ́ ejò, kò sí ẹni tí ó pàdánù. Ṣùgbọ́n láti na ọmọ, láti lé aya, láti ta arúgbó nù, láti pe ènìyàn ní olè, ìfura kò tó. Bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá ti wúwo tó ni kí ẹ̀rí tí a ó gbé e lé ti nípọn tó. Ẹni tí ó bá fi òwú so màlúù, kì í ṣe màlúù ni kí a bá wí bí ó bá já.

Nísinsìnyí a yíjú sí ẹ̀yin olùkọ́, nítorí ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀ràn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó bọ́ọ̀lù sọnù nínú tábìlì olùkọ́. Ọmọkùnrin kan ni ó kẹ́yìn ní kíláàsì. Ọmọ náà kan náà ni a rí tí ó ń jẹ búrẹ́dì ní àkókò ìsinmi. A jẹ́ pé òun ni! A nà án, orúkọ sì mọ́ ọn lára títí ó fi kúrò ní ilé-ìwé. Ta ni ó bèèrè bóyá a ka owó náà pé kí a tó tì í mọ́ inú tábìlì? Ta ni ó bèèrè ẹni mìíràn tí ó ní kọ́kọ́rọ́? Ta ni ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ni ó fún un ní owó búrẹ́dì? Ìbéèrè mẹ́ta, tí kò ní gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni ó wà láàrin ọmọ náà àti orúkọ burúkú. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni ó jí i ní tòótọ́, ìbéèrè mẹ́ta náà kì yóò gbà á là. Ẹ̀rí ni wọn yóò di lé e lórí.

Àti "ṣebí" tí ẹ fẹ́ràn jù! "Ṣebí mo ti sọ fún yín?" Ọmọ tí ó bá béèrè pé, "Tíṣà, báwo ni a ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀?" a pè é ní aláfojúdi. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ dúró lé. Ẹ gba ọmọ náà láyè. Nígbà tí ó bá sì di tirẹ̀ láti dáhùn, tí ó wí pé "a jẹ́ pé," ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: Kí ni o fi ojú ara rẹ rí? Kí ni o gbọ́, lẹ́nu ta ni? Kí ni ohun mìíràn tí ó lè fa àmì tí o rí yìí? Ilẹ̀ tutù, ṣé òjò nìkan ni í mú ilẹ̀ tutù? Ṣé kò sí ẹni tí ó da omi? Ìrì ńkọ́? Bí ó bá yẹ wọ́n wò tí òjò nìkan sì kù, nígbà náà ni kí ó sọ ọ́ ní ohùn rara, a ó sì gbà á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èdè ìyá yín kò lè gbé ìrònú. Ó ti gbé e láti ìgbà tí àwọn baba yín ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran nínú igbó, tí wọ́n ń wo ibi tí koríko tẹ̀ sí àti bí ilẹ̀ ojú ẹsẹ̀ náà ti gbẹ tó, tí wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n wí pé "ó jọ pé ó gba ọ̀hún lọ" àti ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n wí pé "a jẹ́ pé kò jìnnà mọ́." Ọdẹ tí ó bá pàrọ̀ méjèèjì yóò yìnbọn sí ohun tí kò rí. Ènìyàn ni ó sì máa ń wà lẹ́yìn igbó nígbà mìíràn.